Àpérò Ṣáájú Èrò: Bí Yunifásítì Ṣe Ń Pe Ará Ìlú Jọ Lórí Ọ̀rọ̀ Ìṣèlú

Ìfáárà



Ohun tí mo fẹ́ ṣe àlàyé lé lórí ni irú ìpàdé kan tí àwọn onímọ̀ ìṣèlú ní yunifásítì máa ń pe ará ìlú sí. Oríṣi méjì ni irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Nínú oríṣi kìíní, ọ̀mọ̀wé kan yóò dìde, yóò ka ohun tí ó ti kọ, àwọn tí ó jókòó yóò gbọ́, ẹni méjì tàbí mẹ́ta yóò béèrè ìbéèrè, gbogbo wọn yóò sì túká. Irú èyí ni a jọ wà nínú rẹ̀ yìí, n kò sì bú u. Nínú oríṣi kejì, àwọn ará ìlú fúnra wọn ni olùsọ̀rọ̀. Iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ni láti to ìpàdé náà lẹ́sẹẹsẹ, láti dáhùn ohun tí a bá bi wọ́n, àti láti ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí ó bá tìdí rẹ̀ yọ. Oríṣi kejì yìí ni kókó ọ̀rọ̀ mi. Èmi yóò máa pè é ní ìwádìí èrò lẹ́yìn àpérò.

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó ń dá sí iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣèlú. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Kò sí irinṣẹ́ mìíràn nínú àpérò ju ọ̀rọ̀ lọ: ọ̀rọ̀ tí a fi gbé ìbéèrè kalẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a fi là á yé ènìyàn, ọ̀rọ̀ tí olúkúlùkù fi gbe èrò rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ète ìpàdé yìí dára, ọgbọ́n inú rẹ̀ sì jinlẹ̀, ṣùgbọ́n orí èdè ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Bí a bá pe ará ìlú sí àpérò ní èdè tí kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń ronú, ohùn ara wa nìkan ni a ó gbọ́ padà.

Àrùn tí a ń wá oògùn fún

Ìwádìí èrò ará ìlú kì í ṣe ohun tuntun. Ní 1936, ìwé ìròyìn Literary Digest ní Amẹ́ríkà gba ìdáhùn lọ́wọ́ àwọn ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì, ó sì kéde pé Alf Landon ni yóò di ààrẹ. Franklin Roosevelt ni ó wọlé. George Gallup, tí iye àwọn tí òun bi léèrè kéré gan-an sí ti ìwé ìròyìn náà, ti sọ tẹ́lẹ̀ pé Roosevelt ni yóò wọlé. Inú ìwé orúkọ àwọn tí ó ní tẹlifóònù àti àwọn tí ó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni ìwé ìròyìn náà ti mú ọ̀pọ̀ àwọn tí ó kọ̀wé sí, ní àkókò tí òṣì ta ilẹ̀ náà. Ẹ̀kọ́ kìíní nìyẹn: ọ̀nà tí a gbà yan àwọn tí a bi léèrè ṣe pàtàkì ju bí wọ́n ti pọ̀ tó lọ.

Ẹ̀kọ́ kejì ta kókó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, àwọn olùwádìí kan ní ìlú Cincinnati bi àwọn ènìyàn léèrè bóyá ó yẹ kí a fagi lé Òfin Ọ̀rọ̀ Ìlú ti 1975. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tí wọ́n bi ni ó fèsì: àwọn kan ní kí a fagi lé e, àwọn kan ní kí a má ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí òfin kankan tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn olùwádìí ni ó ṣẹ̀dá orúkọ náà.

Kì í ṣe pé òpùrọ́ ni àwọn tí ó dáhùn. A bi wọ́n ní ìbéèrè lójijì, ojú sì ń ti ọ̀pọ̀ ènìyàn láti wí pé àwọn kò mọ̀. Ohun tí ó kọ olùwádìí lóminú ni pé ìwé ìròyìn lè tẹ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ jáde ní ọjọ́ kejì gẹ́gẹ́ bí èrò gbogbo ìlú, kí àwọn òṣèlú sì bẹ̀rẹ̀ sí fi í ṣe àwíjàre.

James Fishkin, tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Texas ní ìlú Austin nígbà náà, dá àbá kan ní 1988. Ó ní a kò lè bá ará ìlú wí pé kò ka ìwé lórí owó-orí tàbí lórí iná mànàmáná. Ẹni tí ó ní ìbò ẹyọ kan láàárín ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù, kí ni yóò mú un fi iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ láti máa wádìí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Nítorí náà, dípò kí a máa bi í ní ohun tí kò ì ronú lé, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí yóò sọ bí a bá fún un ní àyè, ní àlàyé, àti ní ènìyàn tí yóò bá jíròrò. Fishkin àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Robert Luskin, ni wọ́n sọ àbá yìí di ètò tí a lè fojú rí. Nígbà tí ó di 2003, Fishkin kó lọ sí Yunifásítì Stanford, ibẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ ìwádìí rẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí.

Bí a ṣe ń ṣe é

Ìgbésẹ̀ márùn-ún ni ó wà nínú ètò náà.

Èkíní, a ó mú ọ̀rọ̀ kan tí àwọn aláṣẹ ní láti pinnu lé lórí, tí ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Èkejì, a ó ṣẹ́ kèké láàárín gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. A kì í ní kí ẹni tí ó bá wù ú wá, nítorí àwọn tí ó máa ń yọ̀ǹda ara wọn ni àwọn tí ẹnu wọn ti mú tẹ́lẹ̀. A ó lọ bá àwọn tí kèké bá mú, a ó sì gba èrò wọn sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó là wọ́n lọ́yẹ̀.

Ẹ̀kẹta, a ó kọ ìwé àlàyé. Àwọn tí èrò wọn tako ara wọn lórí ọ̀rọ̀ náà yóò jọ yẹ ìwé yìí wò, títí ìhà kọ̀ọ̀kan yóò fi gbà pé a ro ẹjọ́ tòun bí ó ti yẹ. Àwọn baba wa wí pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ìlànà tí ìgbésẹ̀ kẹta yìí ń tẹ̀ lé gan-an nìyẹn.

Ẹ̀kẹrin ni ìpàdé fúnra rẹ̀, tí ó sábà máa ń gba ọjọ́ kan sí mẹ́ta. A ó san owó ọkọ̀ wọn, a ó bọ́ wọn, a ó sì fún wọn ní owó díẹ̀, kí tálákà má baà torí àìní jókòó sílé. A ó pín wọn sí agbo kéékèèké. Olùdarí agbo kò gbọdọ̀ sọ èrò tirẹ̀; iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí i pé ẹni tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ náà sọ̀rọ̀. Agbo kọ̀ọ̀kan yóò fẹnu kò lórí ìbéèrè tí yóò gbé lọ síwájú àwọn onímọ̀ tí èrò wọn yàtọ̀ síra, àwọn onímọ̀ yóò sì dáhùn. Wọn kò ní àyè láti ṣe ìwàásù.

Ẹ̀karùn-ún, a kò ní kí wọ́n ká ọwọ́ sókè, a kò sì fi ipá mú wọn ṣọ̀kan. Olúkúlùkù yóò dá dáhùn ìbéèrè kan náà tí a kọ́kọ́ bi í, ní ìkọ̀kọ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìdáhùn àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn ni èso ìwádìí náà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbi kèké yìí, nítorí ọ̀pọ̀ ni ó máa ń rò pé àwàdà ni kí a fi kèké yan ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ nípa ìlú. Ní Átẹ́ńsì àtijọ́, kèké ni a fi ń yan àwọn 500 tí ó wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Èdè tiwa náà jẹ́rìí sí i. Ẹni tí ó bá mọ Ifá mọ̀ pé ìbò ni a ń pe àwọn ohun kéékèèké tí ẹni tí ó wá dífá ń dì mọ́wọ́, kí Ifá lè yan ọ̀kan nínú méjì. Nínú Bíbélì Yorùbá, ìbò ni àwọn àpọ́sítélì dì kí Mátíà tó di ọ̀kan nínú wọn, èyí kò sì ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú kíka iye ènìyàn. Ìgbà tí ètò òṣèlú òde òní dé ni dídìbò wá di kí a ju ìwé sínú àpótí. Nítorí náà, ètò tí mo ń ṣàlàyé yìí dá ọ̀rọ̀ náà padà sí ìtumọ̀ rẹ̀ àtijọ́.

Ohun tí ó ti tìdí rẹ̀ yọ

Ìlú Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ ní 1994. Nǹkan bí 300 ènìyàn péjọ láti jíròrò lórí ìwà ọ̀daràn. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, púpọ̀ nínú wọn gbà pé kí a máa kó ọ̀daràn sí ẹ̀wọ̀n sí i ni oògùn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń lọ, iye àwọn tí ó gba èyí gbọ́ ti dín kù gan-an.

Láàárín 1996 sí 1998, àwọn ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná mẹ́jọ ní Texas pe irú ìpàdé yìí. Kí wọ́n tó jíròrò, 52 nínú 100 àwọn tí ó wá ni ó gbà láti san owó iná tí ó lé díẹ̀ kí a lè máa fi afẹ́fẹ́ àti oòrùn ṣe iná. Lẹ́yìn ìjíròrò, wọ́n di 84 nínú 100. Ní 1999, ilé aṣòfin Texas ṣe òfin tí ó pa irú iná bẹ́ẹ̀ láṣẹ. Nígbà tí ó fi máa di 2006, Texas ti gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà nínú fífi afẹ́fẹ́ ṣe iná, ilẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ sí ilẹ̀ epo rọ̀bì.

Ní 2005, àwọn aláṣẹ ìlú Zeguo ní Ṣáínà ní iṣẹ́ ìlú 30 níwájú wọn, owó tí ó wà nílẹ̀ kò sì lè ṣe gbogbo rẹ̀. Wọ́n gba àwọn onímọ̀ ìṣèlú láyè láti fi kèké yan ará ìlú, wọ́n sì kọ́ àwọn olùkọ́ ilé-ìwé láti darí agbo. Àwọn aláṣẹ jókòó, wọ́n gbọ́, wọn kò dá sí i. Kì í ṣe iṣẹ́ aláràbarà tí a fi ń ṣe fọ́rífọ́rí ni àwọn ènìyàn fi ṣíwájú. Ibi tí a ó ti máa tọ́jú omi ìdọ̀tí ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́, ohun tí wọ́n sì yàn ni àwọn aláṣẹ ṣe.

Mongolia ni ó wá sọ ọ́ di òfin. Ní 2017, ilé aṣòfin ibẹ̀ pàṣẹ pé kí a tó tún ìwé òfin ilẹ̀ náà ṣe, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe irú àpérò yìí. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, ènìyàn 669 tí kèké mú láti gbogbo ẹkùn ilẹ̀ náà péjọ fún ọjọ́ méjì ní olú-ìlú wọn. Ọ̀kan nínú àbá tí ó wà nílẹ̀ ni pé kí a dá ilé aṣòfin kejì sílẹ̀. Bí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò sí i ni ọkàn wọn ń kúrò lórí rẹ̀. Nígbà tí a tún ìwé òfin náà ṣe ní 2019, ilé kejì kò sí nínú rẹ̀.

Níbi tí ìwé kíkà ti ṣọ̀wọ́n

Gbogbo ibi tí mo ti dárúkọ yìí, a lè fún ará ìlú ní ìwé kí ó kà. Báwo ni a ó ti ṣe é níbi tí ọ̀pọ̀ kò ti mọ̀wé? Ìbéèrè yìí ni a fi dán ètò náà wò ní Áfíríkà.

Bududa wà ní ẹsẹ̀ òkè Elgon ní ìlà-oòrùn Ùgáńdà. Ní oṣù kẹta 2010, òjò rọ̀ títí ilẹ̀ orí òkè fi ya, ó sì bo abúlé mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó ṣòfò. Ní Butaleja tí ó wà ní ìsàlẹ̀, odò Manafwa ni ó máa ń kún bo oko àti ilé. Ní 2014, ẹgbẹ́ olùwádìí ResilientAfrica Network, tí ó wà ní Yunifásítì Makerere, dara pọ̀ mọ́ ti Stanford láti pe àwọn ará ibi méjèèjì jọ. Wọ́n bi wọ́n léèrè nípa kíkó lọ sí ibòmíràn, nípa lílo ilẹ̀, àti nípa bí èrò ṣe ń pọ̀ sí i. Ní 2015, wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní Tamale ní àríwá Gánà, lórí ọ̀rọ̀ omi, ìmọ́tótó àti oúnjẹ.

Ohun tí ó yẹ kí a fiyè sí ni pé wọn kò sọ pé kí a mú àwọn tí ó kàwé nìkan. Wọ́n sọ ìwé àlàyé di àwòrán tí ń sọ̀rọ̀, ní èdè àwọn ará ibẹ̀. Ẹnu ni wọ́n fi bi ìbéèrè, ẹnu ni wọ́n fi gba ìdáhùn. Àgbẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n kọ bi onímọ̀ ní ìbéèrè nípa ilẹ̀ tí òun ń ro, onímọ̀ sì ní láti wá ọ̀rọ̀ tí yóò yé e. Iṣẹ́ tí a sábà máa ń dì lé ará ìlú lórí, pé kí ó wá gbọ́ èdè ọ̀mọ̀wé, ọ̀mọ̀wé ni a dì í lé lórí níbẹ̀.

Àwọn tí kò gbà

Ètò yìí kò ṣàìní alátakò, àtakò wọn sì ní láárí. Àwọn kan ní ẹni tí ó kọ ìwé àlàyé ni ó ní ìpàdé: a lè fi ọgbọ́n to àlàyé kí gbogbo ènìyàn lè bọ́ sí ibi tí a fẹ́. Ní Zeguo, ará ìlú ni ó yan èyí tí a ó ṣe nínú iṣẹ́ 30, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ ni ó to 30 náà sílẹ̀. Àwọn mìíràn ní èrò tí aláṣẹ kò ní dandan láti tẹ̀ lé, ariwo lásán ni.

Èyí tí ó kan olùkọ́ lítíréṣọ̀ jù ni ti Lynn Sanders, tí ó kọ ọ́ ní 1997 pé nínú irú àpérò báyìí, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni a ń gbọ́ lọ́gbọọgba. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń ro ẹjọ́ bí ti ilé-ìwé ni a máa ń fetí sí. Ẹni tí ó kàn ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí, a lè wo ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé kò ní ìdí. Sanders ní kí a fi àyè gba ìjẹ́rìí.

Òótọ́ ni ó sọ, Yorùbá sì ti mọ̀ ọ́n. Láàárín wa, ẹni tí ó bá pa òwe tí ó bá ọ̀rọ̀ mu ti ro ẹjọ́. Ẹni tí ó sọ ìtàn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí baba rẹ̀ ní etí odò kan náà ti ro ẹjọ́ pẹ̀lú. Olùdarí agbo tí kò bá gbọ́ òwe kò ní mọ̀ pé a ti tako àbá kan níwájú òun. Yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀.

Kí ni ó kàn wá?

Kí a má ṣe tan ara wa pé a ti ní gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lóòótọ́ a wí pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, àwọn olóyè ni ó ń jókòó gbìmọ̀. Ìyálóde ń gbẹnu sọ fún obìnrin, àmọ́ ẹrú àti ìwọ̀fà kò ní àga níbẹ̀. Kèké tí ó lè mú aláàárù àti adájọ́ jókòó sí agbo kan náà ní ohun tí yóò kọ́ wa.

Ní ti èdè, kò sí àwíjàre fún wa. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1979, ní abala 51, àti ti 1999, ní abala 55, fi àyè sílẹ̀ kí a máa lo Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò ní ilé aṣòfin àpapọ̀ nígbà tí ètò bá ti tó. Ní 1991, a tẹ ìwé atúmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ ilé aṣòfin jáde ní èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ jùlọ àpérò ìṣèlú ní àwọn yunifásítì wa fi ń bẹ̀rẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ń parí.

Ẹ jẹ́ kí a fi odò Ògùnpa ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, odò náà kún bo Ìbàdàn, ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní oṣù kẹjọ 2011, omíyalé tún ṣọṣẹ́ ní ìlú kan náà. Ká ní yunifásítì kan fẹ́ fi kèké yan àwọn tí ń gbé etí odò, kí ni yóò bi wọ́n? Bí ó bá bèèrè pé, “Ṣé ó yẹ kí ìjọba wó ilé àwọn tí ó kọ́lé sí etí odò?”, ohun tí yóò gbọ́ hàn gbangba. Bí ó bá bèèrè pé, “Ṣé ó yẹ kí ìjọba wá ibòmíràn fún àwọn tí ń gbé etí odò, kí omi má baà gbé wọn lọ?”, ìdáhùn mìíràn ni yóò gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Wíwó ilé ni ìbéèrè kìíní tẹnu mọ́, ẹ̀mí sì ni èkejì. Ilé kì í ṣe bíríkì lásán ní èdè wa: agboolé ni, ibẹ̀ ni a sin àwọn baba sí. Onímọ̀ ìṣèlú tí ó bá kọ ìbéèrè rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì gbé e fún ẹni kan kí ó túmọ̀ rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan, kò ní mọ èyí tí ó bèèrè nínú méjèèjì. Síbẹ̀, orí èsì ìbéèrè náà ni wọn yóò gbé katakata lé.

Nítorí náà, àbá mi ni pé kí ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣèlú tí ó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí ké sí àwọn elédè kí a tó kọ ìbéèrè kan ṣoṣo, kì í ṣe lẹ́yìn tí a bá ti parí rẹ̀. Kí a kọ ìwé àlàyé ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀, kí àwọn tí èrò wọn tako ara wọn yẹ̀ ẹ́ wò ní Yorùbá, kí a sì kọ́ olùdarí agbo ní bí a ti ń gbọ́ òwe àti ìtàn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Ìkádìí

Mo ti ṣàlàyé bí àwọn olùwádìí ṣe rí i pé ènìyàn lè ní èrò lórí òfin tí kò sí, bí wọ́n ṣe wá fi kèké, àlàyé, ìjíròrò àti ìbéèrè ẹ̀ẹ̀kejì wá ojútùú sí i, àti ohun tí ó tìdí rẹ̀ yọ láti Manchester dé Tamale. Mo sì ti sọ ibi tí ó kù sí. Kò sí ètò kan tí ó lè gba ìlú lọ́wọ́ aláṣẹ tí kò fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n aláṣẹ tí ó bá ní òun kò mọ ohun tí ará ìlú ń fẹ́, ọ̀nà àtimọ̀ ọ́n wà. Yunifásítì tí owó ìlú gbé ró ni ó yẹ kí ó la ọ̀nà náà, ní èdè tí àwọn tí ó ni owó náà ń sọ.